Ogójì Dọ́là

Alẹ́ ọjọ́ tí họ́kì parí, nínú oṣù kẹfà,
Verna Zwicker pè mí sẹ́yìn yàrá tí a ti ń gé ẹja,
ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà ọwọ́ ọ̀tún,
ó ka owó sí mi lọ́wọ́: ẹgbẹ̀rin dọ́là ó lé ogún.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Wendell, tún un kà."
Mo tún un kà. Kò dín, kò lé.
Owó náà ń rùn bí ẹja, bíi gbogbo ohun tó wà ní Lunenburg.

Àwa mọ́kànlélógójì la dá a, ogún dọ́là ẹnìkọ̀ọ̀kan.
Láti oṣù kẹwàá ló ti ń tọ̀ wá kiri,
ìwé aláwọ̀ ewé lábẹ́ abíyá, pẹ́ńsùlù létí.
Ó lé Clyde Corkum dé orí ọkọ̀ ojú omi nítorí ogún dọ́là.
Ó dúró ti Arlene Tanner nínú òjò dídì
títí àwáwí fi tán lẹ́nu Arlene, tí owó sì jáde.
Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń lẹ èsì mọ́ ara fíríìjì,
orúkọ ẹni tó ń léwájú, orúkọ ẹni tó ń rá pálá lẹ́yìn;
ọdún mọ́kànlá, orúkọ tirẹ̀ kò kúrò nísàlẹ̀ rí.

Mo délé, mo jókòó ti owó ní kíṣìnnì.
Kí ni kí n fún un?
Kò bèèrè. Ẹni tó bèèrè rọrùn láti dá lóhùn;
ẹni tí kò bèèrè ló ń du ni lóorun.

Gerald, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ní kí n fún un ní ìdá mẹ́wàá,
ó ní ìdá mẹ́wàá ni ti Ọlọ́run pàápàá.
Mo ní Verna kì í ṣe Ọlọ́run.
Ó ní, "Òótọ́ ni. Ìwé ti Verna ṣe é yẹ̀ wò."
Joyce ń bó ọ̀dùnkún, kò gbójú sókè:
"Tí o bá fún un lówó, o ti sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀.
Ṣé ẹ̀yin lẹ gbà á síṣẹ́ ni?"
Ó bó ọ̀dùnkún méjì sí i.
"Tí o kò bá sì fún un, ahun ni ẹ́."

Mo mọ̀ pé ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́,
bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.
Ṣùgbọ́n oore wo? Èmi ni mo yan àwọn agbábọ́ọ̀lù yìnyín mi,
èmi ni mo fi òru ṣe ìṣirò.
Irọ́ ni. Mo dijú ni,
mo mú orúkọ tó dùn ún pè.
Orí ló ṣe é. Ta ní ń san owó fún orí?

Owó ni mo fẹ́ fún un ni, àbí ọ̀wọ̀?
Ọwọ́ kan náà ló ń gbé méjèèjì.

Mo fi ogójì dọ́là sínú àpò ìwé.
Mo kọ "Verna". Mo pa á rẹ́. Mo kọ "Ẹ ṣé".
Ọjọ́ Ajé, ó ń bá awakọ̀ ajáẹja jà.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èrò pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.
Ọjọ́rú, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ìyẹn ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́:
tí mo bá fún un nígbà náà, bí ẹni ra ẹ̀rín ni.
Àpò ìwé wọ inú ọkọ̀ mi, lábẹ́ máàpù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ọ̀ṣì,
ibẹ̀ ló ti lo ìgbà ooru tán.

Oṣù kẹwàá dé. Kùrukùru bo èbúté.
Verna kan fèrèsé ọkọ̀ mi, pẹ́ńsùlù létí,
ìwé tuntun, aláwọ̀ pupa lọ́tẹ̀ yìí.
"Wendell. Ogún dọ́là."
Mo ya àpò ìwé náà lórí itan mi, bí olè,
mo fa ogún kan yọ, mo fún un.
Ó gbóòórùn rẹ̀. "Owó àtijọ́ nìyí."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó kọ orúkọ mi, ó kọjá sọ́dọ̀ Clyde.
Ogún kejì ṣì wà níbẹ̀ dòní.